Àgbáyun Lẹ́nu Àna Búrẹ́mọ̀

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó wọ mọ́tò lọ sí Tápà, kó lọ bi àwọn eèrà ibẹ̀ léèrè. Wọ́n mọ Bàbá Wàhábì ju ọmọ tó bí lọ.

Láti Igbó-Ọrà títí dé Ìgàngán, kò tíì sí ẹ̀dá tó fẹ́ràn ṣúgà tó bàbá yìí. Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń fi ṣúgà sí ẹ̀kọ, ẹ̀kọ ni òun ń fi sí ṣúgà. Bó bá fẹ́ mu omi lásán, á kọ́kọ́ ju hóró ṣúgà sẹ́nu, kí omi má baà dá nìkan wọlé. Wọ́n ní ó sín lọ́jọ́ kan nínú oko ẹ̀gúsí rẹ̀, agbo oyin kan dìde, wọ́n sìn ín délé, wọ́n ní àwọn kò ṣí lọ síbòmíràn mọ́. Wàhábì, àkọ́bí rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn. Sàrátù, ọmọbìnrin rẹ̀, ló kù nílé, òun náà ni wọ́n ń rán ní ṣúgà.

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì kí wọ́n bọ́ sápá ọ̀tún ni Sàrátù kọ́kọ́ dé ìsọ̀ Búrẹ́mọ̀ n'Igbó-Ọrà. Gbogbo ayé ń wo ọ̀tún, wọ́n ń wo òsì, wọ́n tún ń wo òkè kí wọ́n tó rékọjá títì. Sàrátù kò wo ibì kankan. Àwọn mọ́tò ló wò ó, tí wọ́n dúró fún un.

Búrẹ́mọ̀ wà nínú ìsọ̀ rẹ̀, ìsọ̀ kan tó fẹ̀ tó pósí, níbi tó ti ń ta ṣúgà, tíì, mílíìkì àti ìṣáná. Ìwé mẹ́rin ló kà kó tó sọ fún tíṣà pé ó tó gẹ́ẹ́.

"Páálí ṣúgà kan," ni ọmọbìnrin náà wí.

"Ẹ káàárọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ káàárọ̀ kò sí lára ohun tí wọ́n rán mi."

Búrẹ́mọ̀ gbójú sókè. Ọkàn rẹ̀ já kúrò níbi tó so mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ó bọ́ sáàárín agolo mílíìkì. Ó wá a wá a, kò rí i.

"Páálí odindi? Ta ni yóò jẹ gbogbo èyí?"

"Bàbá mi."

"Èèyàn mélòó ni bàbá yín?"

"Ẹnì kan ni. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ tó agbo ilé."

Ó gba ṣúgà rẹ̀, ó sì lọ. Ní gbogbo ọjọ́ náà, ẹni tó bá wá ra ìṣáná, mílíìkì ni Búrẹ́mọ̀ ń gbé fún un. Ẹni tó wá ra tíì, ó kí i pé kú oríire.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó ti mọ gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà Tápà, nítorí kò sí èyí tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò já sí. Nígbà tó yá, ó rán Ìbílọlá, àbúrò bàbá rẹ̀, pé kó lọ ṣe alárinà. Ẹnu obìnrin yìí dùn débi pé, bó bá bẹ̀ ọ́ kó o ta ilé rẹ fún un, ìwọ fúnra rẹ lo máa bá a kó ẹrù tirẹ̀ wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹnu Ìbílọlá kò ríṣẹ́ ṣe rárá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀ ni, ó ní, "Bàbá, òdòdó kan la rí nínú ọgbà yín..."

"Kí ni ẹni tó rí òdòdó ń tà?" ni Bàbá Wàhábì bi í.

"Ṣúgà, Bàbá."

"Kí ló dé tó fi pẹ́ tó báyìí kó tó rí i?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe yanjú lọ́dọ̀ bàbá nìyẹn. Ìyá Wàhábì ló kù. Ẹlẹ́kọ ni ìyá yìí, ẹ̀kọ rẹ̀ sì lókìkí, torí pé ó kan. Bó bá ṣí ìkòkò ògì, àwọn àgùtàn tó wà lẹ́yìnkùlé á máa ya ẹnu. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀kọ kíkan ń ti Ayétẹ̀ wá rà á. Ọkọ rẹ̀ nìkan ni kò lè mu ún láìjẹ́ pé ó fi ṣúgà bò ó mọ́lẹ̀. "Orogún mi kan ṣoṣo ni ṣúgà," ni ìyá máa ń wí, bó bá sì rí i, á gbé e pamọ́.

Nítorí náà ni bàbá fi pe Búrẹ́mọ̀ sí kọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, bó o bá ń bọ̀ wá kí ìyàwó rẹ, má jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ. O gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

Ó gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń gbé e wá nínú fìlà, nínú bàtà, nínú páńpù kẹ̀kẹ́.

*

Kò pẹ́ ni òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ Bàbá Wàhábì. Kànga ilé kò tó o mọ́. Ó ń mu ún, ó ń tọ̀ ọ́, ibi tó bá sì tọ̀ sí, eèrà á ti tò síbẹ̀: eèrà Tápà, eèrà Ayétẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ wọ mọ́tò wá láti Ṣakí. Bàbá tó ń gbé àpò ẹ̀gúsí bí ẹni gbé fìlà wá rù, ó dà bí aṣọ tó kọ́ sórí okùn. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù n'Igbó-Ọrà. Dókítà ní àtọ̀gbẹ ni. Kò gbọdọ̀ rí ṣúgà mọ́. Kò gbọdọ̀ lá oyin. Kò gbọdọ̀ wo ìrèké lójú.

Ìyá Wàhábì padà sílé, ó tú ilé. Ó rí ṣúgà nínú àpótí, nínú akèrègbè, lábẹ́ ẹní. Ó gbé bùtá tí bàbá fi ń ṣe àlùwàlá, ó mì ín, ó gbọ́ tó ń ró kóró-kóró. Ibẹ̀ ló jókòó sí, tó sunkún. Nígbà tó sunkún tán, ó nu ojú, ó wọ mọ́tò, ó sọ̀ kalẹ̀ níwájú ìsọ̀ Búrẹ́mọ̀.

"Ìwọ ni?"

Búrẹ́mọ̀ dọ̀bálẹ̀. "Èmi ni, Ìyá. Ẹ forí jì mí."

"Mi ò bá ọ jà. Mo kàn wá sọ fún ọ ni. Ẹni tó fẹ́ fi ṣúgà pa ọkọ mi kò ní fi ṣúgà gba ọmọ mi. Bí hóró kan bá tún wọlé mi, wálàhí, gbàgbé Sàrátù."

Bó ṣe lọ tán, Búrẹ́mọ̀ wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ títí àwọn oníbàárà fi ń rékọjá lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Sàrátù dúró dè é ní ìkóríta oko. Kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá náà ti búra," ló wí. "Ó ní bí ẹnu òun kò bá dùn lọ́jọ́ ìdána, òun kò ní ṣe àmín. Ó ní òun kò ní fi ẹnu kíkorò fa ọmọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

"Ìyá ní kí ṣúgà má wọlé. Bàbá ní kí ẹnu òun dùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ibo wá ni kí n gbà?"

"Ìwọ lo mọ̀. Nígbà tó ò ń kó o sínú bùtá, ta lo bi?"

"Sàrátù, ìfẹ́ ló..."

"Ìfẹ́ ta ni? Tèmi àbí ti bàbá mi? O rí i pé ara rẹ̀ ń lọ, o tún ń bù ú fún un, torí kó lè máa pè ọ́ ní ọmọ òun." Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mo fẹ́ ọ. Ìyẹn ló ń bí mi nínú."

Búrẹ́mọ̀ kò jókòó sórí kẹ̀kẹ́, ó ń fà á lọ́wọ́ padà sílé. Gbogbo ohun tí Sàrátù sọ wó lù ú bí àlàpà, nítorí òtítọ́ ni. Ó tiẹ̀ ń rò ó pé bóyá kó fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Nígbà tó dé Ìdèrè, ó rò ó pé kò ní fi í sílẹ̀. Nígbà tó dé Igbó-Ọrà, ebi ti ń pa á.

*

Fọlábí ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń wa mọ́tò akérò lọ sí Ìbàdàn, ló mú ìgò kékeré kan dé.

"Sákárín nìyí. Kì í ṣe ṣúgà, ṣùgbọ́n ó dùn jù ú lọ. Hóró kan fún ife kan. Ṣé o gbọ́? Hóró kan!"

Búrẹ́mọ̀ wo hóró náà. Ó kéré bí ẹyin iná orí. Ẹni tó ti ń fi páálí ta dídùn láti ìgbà èwe rẹ̀ kò lè gbà pé ohun tó kéré tó báyìí lè mú àna ṣe àmín. Ó lọ ìdajì ìgò di ìyẹ̀fun, ó gbé e lọ sí Tápà, ó sì dà á sínú igbá ẹ̀kọ kan ṣoṣo.

Bàbá Wàhábì gbé e mu. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ó dùn," ló wí. "Ó dùn gan-an. Ó... ó ṣì ń dùn." Ojú rẹ̀ ń yí padà. "Ó ti dùn kọjá ilé. Yéè! Ó ti dé ibi tó ti ń korò!" Dídùn yẹn dùn títí tó fi di òróǹro. Bàbá ń tutọ́, adìẹ tó bá ṣa itọ́ náà á gbọn orí, á lọ fi ẹnu nu ògiri.

Ìyá Wàhábì jáde, ó rí ìyẹ̀fun funfun létí igbá. "Hẹn-ẹn! Ó tún kó o dé!" Ó fa igi ìdáná yọ, iná ṣì wà lórí rẹ̀. Búrẹ́mọ̀ kò rántí gun kẹ̀kẹ́. Ó gbé kẹ̀kẹ́ kọ́rùn sáré, Ayétẹ̀ ló ti rántí pé kẹ̀kẹ́ ní ẹsẹ̀ tirẹ̀.

Nígbà tó yá, Ìbílọlá bá a bẹ̀bẹ̀. Ìyá gbà pé kì í ṣe ṣúgà, ó sì ní èyí ni ìkẹyìn. Ìbílọlá wá rántí èso ewé eéran, ewé tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ, pé èso rẹ̀ dùn bí àlá ọmọ tuntun. Wọ́n wọ etí odò lọ wá a. Àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ ti ṣaájú wọn, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán, èèpo rẹ̀ ni wọ́n fi kí wọn káàbọ̀.

"Èyí ti tán," ni Ìbílọlá wí. "Búrẹ́mọ̀ ọkọ mi, ọmọbìnrin pọ̀ n'Igbó-Ọrà."

"Wọ́n kì í ṣe Sàrátù, Àǹtí mi."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń sọ ọ́ kí ẹnu mi má baà sùn ni."

Lọ́jọ́ tí Búrẹ́mọ̀ lọ dágbére fún Sàrátù nítorí kò rí ọgbọ́n míràn dá mọ́, inú oko ẹ̀gúsí ni wọ́n pàdé. Sàrátù na ọwọ́ sí igi kékeré kan tó wà létí ààlà, ó já èso pupa rẹ̀, ó ń fi í ṣeré lẹ́nu bí àwọn ará oko ṣe máa ń ṣe, ó sì ju díẹ̀ fún Búrẹ́mọ̀. Ó lá a, kò dùn kò korò, ó tu hóró rẹ̀ dànù. Ó káàánú ara rẹ̀ títí, ó ká ọsàn kan tí kò tíì pọ́n, ó gé e jẹ kó lè rí nǹkan burúkú míràn rò.

Ó dúró. Ó tún gé e.

"Sàrátù, ọsàn yín yìí... irú ọsàn wo ni? Ó dùn bí oyin!"

Sàrátù bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ọsibítù. "Ọsàn kò dùn, ìwọ ará ìlú! Àgbáyun tó o lá ni. Bó bá ti wà lẹ́nu èèyàn, kí ó jẹ ohun kíkan, á dùn mọ́ ọn. Ẹnu ẹ ló dùn, ọsàn kò mọ̀..."

Wọ́n wo ara wọn.

"Ẹ̀kọ ìyá ẹ," ni Búrẹ́mọ̀ wí jẹ́jẹ́.

"Kò sí ohun tó kan tó o nílẹ̀ Ìbàràpá," ni Sàrátù dáhùn.

*

Ọjọ́ ìdána pé. Àwọn ẹbí jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé, wọ́n sì ti pe Lèmọ́mù pé, bí ọ̀rọ̀ bá wọ̀, kó so yìgì lójú ẹsẹ̀. Bàbá Wàhábì jókòó, ó di ojú rẹ̀ bí ìlẹ̀kùn ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ìyá jókòó sápá òsì rẹ̀, ó ń wo àpò gbogbo ẹni tó bá wọlé. Sàrátù wà nínú yàrá, ó fi ojú kan sí ihò fèrèsé.

Búrẹ́mọ̀ dọ̀bálẹ̀. Àárín ìdọ̀bálẹ̀ náà ló ti fi nǹkan sí àtẹ́lẹwọ́ bàbá. Ó gbé orí sókè díẹ̀. "Bàbá, ẹ fi lá gbogbo ẹnu yín. Ẹ má gbé hóró rẹ̀ mì."

Bàbá jù ú sẹ́nu. "Ó dà bí ẹni lá ògiri," ló kùn.

"Ẹ wá mu ẹ̀kọ ìyàwó yín."

"Láìsí ṣúgà? Ṣé o fẹ́ kí n kú lójú àwọn àna ni?"

Àmọ́ ó gbé igbá ẹ̀kọ tútù náà. Ó di ojú, ó mu ún. Ọ̀fun rẹ̀ lọ sókè, ó dúró síbẹ̀. Ojú rẹ̀ là bí ẹyin tó pa.

"Mùnírátù!" Bẹ́ẹ̀ ló pe ìyàwó rẹ̀, orúkọ tí kò pè mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí Wàhábì. "Mùnírátù, ìwọ lo ro èyí?"

"Èmi ni. Kí ló dé?"

"Ẹ fi kún un!" Ó mu igbá kan, ó mu èkejì, ó nawọ́ sí ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi fọ ẹja, ó gé e jẹ bí ẹni jẹ ìbẹ́pẹ, omi ń dà lágbọ̀n rẹ̀. "Ẹ so yìgì! Ẹ mú ọmọ lọ! Ẹ bá mi mú Wàhábì náà!"

"Ṣúgà!" Ìyá Wàhábì ti dìde. "Ó tún ti kó o wọlé! Lójú mi!" Ó já igbá gbà, ó nà án sí Lèmọ́mù. "Ẹ tọ́ ọ wò, Àáfà, ẹ bá mi dá a lẹ́jọ́."

Lèmọ́mù mu ún. Ojú rẹ̀ rún, irùngbọ̀n rẹ̀ ká sókè, láwàní rẹ̀ yípo lẹ́ẹ̀kan, ó padà sáyè rẹ̀. "Lá iláhà," ló wí nígbà tó rí ahọ́n rẹ̀ padà. "Ṣúgà kò kọjá nítòsí ibí yìí."

Ìbílọlá tọ́ ọ wò, ó sunkún. Ìyá yíjú sí Búrẹ́mọ̀.

"Kí lo fún un?"

"Àgbáyun ni, Ìyá. Kì í ṣe ṣúgà. Bó ṣe so lórí igi nínú oko yín ni mo ṣe já a."

Ojú ìyá rọ̀, ó sì tún le. "Mo mọ àgbáyun. Mo lá a nígbà èwe mi. Mo sì mọ̀ pé kì í pẹ́ lẹ́nu. Ọkọ mi tó ní kí wọ́n so yìgì yìí, ṣé òun ló ń sọ̀rọ̀, àbí àgbáyun? Bó bá ṣá lẹ́nu rẹ̀ lọ́la ńkọ́, tó ní wọ́n tan òun gba ọmọ?"

Ìbílọlá ti wà létí Lèmọ́mù. "Baba Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè so ó kó tó ṣá."

Lèmọ́mù la ẹnu. Búrẹ́mọ̀ wo fèrèsé, ó rí ojú kan ṣoṣo tó ń wò ó. Bó bá dákẹ́ báyìí, kí ó kan dákẹ́ lásán, ó ti di ọkọ. Àyà rẹ̀ ń lù débi pé ẹran tí wọ́n so mọ́ igi ń bá a fò. Ohun dídùn ló fi gba ẹnu bàbá yìí nígbà àkọ́kọ́, díẹ̀ ló sì kù kó fi pa á.

"Ẹ dúró," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó ṣá."

"Orí ọmọ yìí ti dàrú!" ni Ìbílọlá kígbe. "Ẹ má dá a lóhùn, ebi ló ń pa á!"

"Ẹ jẹ́ kó ṣá, Àǹtí mi. Ohun tí Bàbá bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni mo fẹ́ gbọ́."

Wọ́n dúró. Àwọn àgbà ń tòògbé. Bàbá Wàhábì ń jẹ gbogbo ohun kíkan tó wà nílé, ó sì ń wá èyí tó wà nílé aládùúgbò. Lèmọ́mù lọ kí ìrun Aláásàrì, ó padà dé. Nígbà náà ni bàbá tún gbé igbá ẹ̀kọ sẹ́nu, gbogbo ojú rẹ̀ sì kó jọ sójú kan bí ẹnu àpò tí wọ́n fa okùn rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ dúró.

"Búrẹ́mọ̀."

"Bàbá."

"Ó ti ṣá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"O mọ̀ pé mo búra."

"Mo mọ̀, Bàbá."

Bàbá wo inú igbá. Ó wo ìyàwó rẹ̀. "Mùnírátù, ẹ̀kọ rẹ kan. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ ló ti ń kan. N kò lè sọ ọ́, ni mo ṣe ń fi ṣúgà bò ó."

"Mo mọ̀," ni ìyá wí. "Ẹ̀kọ lò ń bò mọ́lẹ̀. Èmi rò pé èmi lò ń bò."

Bàbá gbé igbá náà padà sẹ́nu. Ó mu ún tán pátápátá, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń di ara wọn mú. Ó dojú igbá dé.

"Ẹnu mi kò dùn rárá," ló wí. "Àmín."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ìyá Wàhábì. Ó ń wo Búrẹ́mọ̀ bí ẹni wo ògì tó kọ̀ tí kò kan.

"Ìwọ òmùgọ̀ ọmọ yìí. O ti rí ìyàwó gbà, o ní kí wọ́n dúró?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Àgbáyun tí ọkọ mi yóò máa lá ńkọ́? Kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́ bí wọ́n bá ti já a."

"Èmi ni yóò máa já a wá, Ìyá. Mo mọ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà náà."

Ìyá rẹ́rìn-ín, kò fẹ́ kó jáde, ó jáde. "Àáfà, kí lẹ tún ń wò? Ẹ bi ọmọ léèrè."

Wọ́n mú Sàrátù jáde, ìborùn bò ó lójú. Lèmọ́mù ní, "Sàrátù, ṣé o gbà láti fẹ́ Búrẹ́mọ̀?"

Ìbílọlá gbá àyà mú.

"Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá òun náà lá àgbáyun kó tó wá," ni Sàrátù wí lábẹ́ ìborùn. "Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tó ti ń sọ fún mi láti ọjọ́ yìí, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti ẹnu rẹ̀."

Ẹ̀rín bú. Búrẹ́mọ̀ mú ọsàn wẹ́wẹ́ tó gbó jù lọ, ó là á sí méjì, ó ju ìdajì sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ tèèpo-tèèpo. Ojú rẹ̀ rún, etí rẹ̀ lọ síwájú, imú rẹ̀ ń wá ọ̀nà àbájáde. Ó wà báyìí, ó burẹ́wà ju ọ̀bọ tó já sínú ata lọ, kò sì tu ú dànù.

Sàrátù ká ìborùn kúrò, ó wò ó dáadáa.

"Mo gbà," ló wí.